Aṣojú ni wọ́n ní kí n jẹ́, mo sọ ara mi di agbẹnusọ

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Fajuyi ní Adó-Èkìtì, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn olóòkú. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, inverter ló gbé laptop mi dúró. Mọ́kànlá la wà lórí ìpè ìpàdé kan tí wọ́n ti ń kọ ìlànà fún sọ́fítíwíà, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ yìí gan-an. Alága ka ìpínrọ̀ kan jáde, ó ní kí ẹni tó bá ní àtakò sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó wá pe orúkọ mi, ó béèrè bóyá àwùjọ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà èdè Yorùbá fara mọ́ ọn.

Mo dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, a fara mọ́ ọn."

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni "a" yẹn, òun ló sì gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi. Kò sí "a" kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi nìkan ni mo ka ìpínrọ̀ ọ̀hún, ìyẹn sì jẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. A ò pé ogún tí a ń ṣiṣẹ́ déédéé. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún kọ̀ǹpútà àti fóònù la ń ṣe, àti sọ́fítíwíà tó ń yẹ sípẹ́lì wò. Open source ni gbogbo rẹ̀: kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn kan wà nínú wa ní Ìjerò, àwọn kan ní Ọ̀yẹ́ níbi tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ sí ní Èkìtì mọ́. Kò sẹ́ni tó ń san owó fún wa.

Nígbà tí ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ níbí, ń kọ ìlànà lórí bí sọ́fítíwíà ṣe ní láti máa wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹnì kan látinú àwùjọ tí èdè wọn ń lo àmì lórí àti lábẹ́ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú WhatsApp wa, ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tó dáhùn. Èmi ni mo dáhùn. Kì í ṣe pé mo mọ kóòdù ju àwọn yòókù lọ. Orúkọ òkú ni mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Mo mọ bí ojú ọmọ olóòkú ṣe ń rí nígbà tó bá rí i lórí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán pé "Ọ̀" tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá òun ti di àpótí kékeré tó ṣófo, nítorí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní lẹ́tà náà. Mo ti san owó irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà rí. Mo gbà pé ibi tí wọ́n ti ń pinnu irú nǹkan wọ̀nyí ni ó yẹ kí n wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, nítorí òfin ilé kan kì í ṣe ti èkejì, ohun tí mi ò sì bi ara mi nìyẹn kí n tó wọlé. Ní ISO, àjọ òṣùwọ̀n àgbáyé, orílẹ̀-èdè ló ń dìbò nípasẹ̀ àjọ òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ti Nàìjíríà ni SON, àwọn kan náà tí a ń rí orúkọ wọn lára báàgì sìmẹ́ńtì. Ní W3C, tó ń kọ ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù láti ọdún 1994, àwọn ilé-iṣẹ́ tó san owó ọmọ ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pe ẹni tó bá mọ nǹkan wọlé láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní IETF, tó ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 1986, kò sí ọmọ ẹgbẹ́, kò sí ìbò. Ẹnikẹ́ni lè wọlé, ara rẹ̀ nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀ fún. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tó ní "a", etí á kàn gbọ́ ọ bíi "mo" ni. Níbi tí èmi lọ, aṣojú àwùjọ ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi. Bí mo bá ní "a", wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwùjọ ti fọwọ́ sí i.

Irú ìpè yìí sì ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà tí òfin Yúróòpù lórí ààbò sọ́fítíwíà, tí wọ́n ń pè ní Cyber Resilience Act, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí wọ́n sì ń kọ àwọn ìlànà tí yóò tẹ̀ lé e, àwùjọ open source púpọ̀ ló ń wá ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn yóò bá ohun tí mo bá pàdé.

Ìpínrọ̀ tí mo sọ pé a fara mọ́ nìyí ní kúkúrú: nígbà tí ènìyàn bá ń wá ọ̀rọ̀, kí sọ́fítíwíà tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan palẹ̀, kó ya àmì kúrò lára rẹ̀, kó ju gbogbo àmì náà nù, kó wá fi èyí tó ṣẹ́kù wé ara wọn. Àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́. Fún èdè Faransé, kò burú: ẹni tó bá tẹ cafe á rí café.

Ìdí wà tí ó fi wù mí. Àwọn oníbàárà mi ń fi fóònù tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìfi àmì kankan sí i. Bí sọ́fítíwíà bá ń béèrè àmì kó tó rí nǹkan fún wọn, wọn ò ní rí nǹkan kan láéláé. Ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù mi ni mo gbé lọ síbẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kan kì í ṣe àwùjọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé a ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n kan ní Ìjerò ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Áàpù ìwé orin ló ń ṣe fún ìjọ wọn. Kò bú mi. Ó gbé ìpínrọ̀ náà wọ inú áàpù rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó tẹ "ẹ̀ṣẹ̀" sínú àpótí ìwárí, ó sì ya àwòrán ohun tó jáde. Ẹsẹ 1. Ẹsẹ 2. Ẹsẹ 3. Gbogbo orin inú ìwé náà ló jáde, nítorí pé kò sí orin tí kò ní ẹsẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ Jésù, àwọn ẹsẹ̀ tí wọ́n fi òróró kùn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń wá kò yọ títí ojú fóònù fi tán. Tí a bá já gbogbo àmì dànù, ẹsẹ inú orin, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń bẹ Ọlọ́run fún, àti ẹ̀ṣẹ́ tí ènìyàn ń kàn, "ese" ni gbogbo wọn.

Lábẹ́ àwòrán náà ó kọ ìlà kan péré: "Àbúrò, ta ló fọwọ́ sí i?"

Mi ò lè dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ Sátidé mo wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ bá Bàbá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, òun ló ń bá wa yẹ àkójọ ọ̀rọ̀ wa wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í fẹ́ ka nǹkan tó gùn lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n mú ìwé ọmọléèwé kan wá látorí tábìlì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, a, b, d, e, ẹ, ó sì dúró.

"Lẹ́tà wo nìyẹn?"

"Ẹ ni, sà."

"Ìkelòó?"

"Ìkarùn-ún, sà."

"Wọ́n sì sọ fún ẹ pé e tó wọ ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ni, ìwọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni?"

Ohun tí mo gbójú fò nìyẹn, èmi tí mo kà á lórin ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Yorùbá ní. Ẹ, ọ àti ṣ wà nínú wọn, wọ́n dá dúró, gẹ́gẹ́ bí gb ṣe dá dúró. Àmì ohùn ló jẹ́ àmì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín e àti ẹ kì í ṣe ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ àti ẹ́. Ìlànà náà ti da méjèèjì pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Bàbá rán mi létí pé ìlànà kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Wọ́n ti jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 láti ṣe ìpinnu lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ní ọdún 1974, ìjọba tún fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní iléèwé títí di òní, èyí tó sọ "aiye" di "ayé" tó sì sọ "enia" di "ènìyàn". Ó ní àwọn tó jókòó nígbà náà jiyàn lórí àmì abẹ́ lẹ́tà, wọn kò sì jù ú nù. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára: "Ọmọ mi, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán ni sí. Àwọn tó ń wò ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà lo bẹ̀rù."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí alága pe orúkọ mi, tí àwọn mẹ́wàá ń dúró de ohùn mi, ojú tì mí láti sọ pé mi ò tíì béèrè nílé. Mo rò pé aṣojú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo ń bọ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ ni mo ro ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò. Aṣojú: ẹni tó ń ṣe ojú fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ojú ni wọ́n fi mí ṣe, kí n bá wọn rí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí n sì wá sọ ọ́ nílé. Ẹnu wọn ni mo gbé lọ láìtọrọ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀yẹ́ ló bá wa rí ọ̀nà àbáyọ, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé náà. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀." Unicode ni ìlànà tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé rẹ̀ lórí títo ọ̀rọ̀, UTS 10, apá kan wà tó sọ pé ìwárí lè jẹ́ alápá kan: bí ẹni tó ń wá nǹkan kò bá fi àmì sí i, kó rí gbogbo èyí tó jọ ọ́, èyí tó ní àmì àti èyí tí kò ní, ṣùgbọ́n bó bá fi àmì sí i, àmì náà ni kí ẹ̀rọ tẹ̀ lé. Àwọn oníbàárà mi kò pàdánù nǹkan kan, áàpù orin Ìjerò náà kò sì bàjẹ́. Ó tún rí i pé nínú CLDR, àkójọ tí Unicode ń tọ́jú nípa èdè kọ̀ọ̀kan, ẹ, gb, ọ àti ṣ ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tó dá dúró fún Yorùbá. Ọmọ ogún ọdún ni. Ká ní mo béèrè kí n tó lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé àwa la mú un jáde, kò sí nínú ìpínrọ̀ náà rárá. ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, 1EB9. Ẹ́ tó ru àmì ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ 1EB9, á sì fi àmì ohùn òkè, 0301, tẹ̀ lé e. Òmíràn á kọ é ná, 00E9, kó tó fi àmì abẹ́ 0323 kún un. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní normalization ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ìlà kékeré 0329 sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó pọ̀ nínú ìwé Yorùbá, normalization kò sì lè so ìyẹn pọ̀ mọ́ èyí tó kù. Fáìlì méjì tí oníbàárà méjì mú wá bá mi lọ́sẹ̀ yẹn fi hàn: orúkọ ìlú kan náà, "Ìkẹ́rẹ́", mo wá èkíní nínú èkejì, ẹ̀rọ ní kò sí níbẹ̀.

Kíkọ ìwé láti fa ọ̀rọ̀ mi padà ló le jù. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ ọ́ tí mo pa á rẹ́. Ní àkọ́kọ́, mo fẹ́ kọ ọ́ bíi pé àlàyé tuntun ni a ní. Ẹ̀gbọ́n Ìjerò kà á, ó ní rárá, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn sọ pé: ní ìpàdé tó kọjá mo sọ pé àwùjọ wa fara mọ́ ọn. Àwùjọ wa kò tíì rí ìpínrọ̀ náà nígbà náà. Èrò ara mi ni mo sọ, mo sì fà á padà. Ohun tí àwùjọ wa sọ lẹ́yìn tí wọ́n kà á nìyí. Mo wá to ọ̀rọ̀ wa, mo sì so àwòrán "Ẹsẹ 1, Ẹsẹ 2" mọ́ ọn.

Àsìkò tí wọ́n ń gba èsì lórí ìlànà náà kù ọjọ́ mọ́kànlá kó parí. Alága kò bá mi jà. Ó ní inú òun dùn pé ó dé kí wọ́n tó tì í pa. Ẹnì kan látinú ilé-iṣẹ́ kan ló bínú, ó ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìpínrọ̀ náà nítorí pé gbogbo wa ti gbà. Mi ò lè bá a jiyàn, òótọ́ ni. Iṣẹ́ àwọn kan ti lọ sórí bẹ́ẹ̀ ni tí mo sọ. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a fi jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn méjì nínú wọn kò gbọ́ ìyàtọ̀ lẹ́tà àti àmì títí mo fi tẹ "ẹ̀ṣẹ̀" níwájú wọn. Wọ́n gba ìwárí alápá kan. Wọ́n gbà pé kí sọ́fítíwíà wo àkójọ èdè kọ̀ọ̀kan kó tó ka nǹkan sí àmì lásán. Ti ìlà kékeré 0329, ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n fi í ṣe.

Ibi tí wọn ò ti gbà fún wa wà lórí ọ̀rọ̀ ìṣe kan. Nínú ìwé ìlànà, láti ìgbà tí IETF ti gbé ìwé kan tó ń jẹ́ RFC 2119 jáde ní ọdún 1997, MUST àti SHOULD ní ìtumọ̀ tó le koko. MUST ni "gbọ́dọ̀": ẹni tí kò bá ṣe é kò tẹ̀ lé ìlànà. SHOULD ni "ó yẹ kó": ó lè yẹra fún un bó bá ní ìdí pàtàkì. Gbọ́dọ̀ la fẹ́. Ó yẹ kó ni wọ́n fún wa. Alága bi mí nínú ìpàdé bóyá a lè gba bẹ́ẹ̀ ká lè parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Iná wà lọ́jọ́ náà, mo ń rí ojú gbogbo wọn kedere. Mo ní: "Mi ò mọ̀. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méje, kí n lọ béèrè." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nílé, wọ́n jiyàn fún ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ Ọ̀yẹ́ kò fẹ́ gbà. Ẹ̀gbọ́n Ìjerò ní kí a gbà á, nítorí pé bí ó bá ti wà nínú ìwé ní "ó yẹ", òun lè mú un lọ bá ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀ láti ṣe é. Èmi fúnra mi kò fẹ́, àwọn tó pọ̀ jù fẹ́. Mo padà lọ sọ pé a gbà á, "a" ọ̀hún sì jẹ́ mẹ́tàdínlógún lọ́tẹ̀ yìí, mo lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, ẹni méjì ni ẹgbẹ́ wa ń rán lọ, kí ẹnì kan lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí èkejì ṣe ń sọ̀rọ̀. A ó fi ìpínrọ̀ tuntun sínú ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, kí ẹni tí kò mọ kóòdù lè rí i. Bàbá ń fẹ́ tirẹ̀ lórí bébà. Mo ń tẹ̀ ẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú onímọ́tò.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo lọ sọ fún un pé a ti parí rẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Ó ní kí n tan sọ́fítíwíà ìyẹ̀sípẹ́lì wa, kí n kọ "ulé". Èkìtì ni àwa méjèèjì, bí a ṣe ń pe ilé nìyẹn, bí a ṣe ń pe iṣu ní uṣu. Mo kọ ọ́. Ìlà pupa yọ lábẹ́ rẹ̀. Àwa fúnra wa la kọ òfin náà síbẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi u bẹ̀rẹ̀. Bàbá wo ìlà pupa náà títí. "Ta ló ṣojú fún àwa níbẹ̀ yẹn?"

Mi ò ní èsì. Mo ṣí ìwé ọmọléèwé náà sí ojú ewé tuntun, mo ní kó máa pè é kí n máa kọ ọ́. Ní ọjọ́ Sátidé ni a ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ kẹtàdínlógójì la dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ká dúró ná, òun fẹ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá kan ní àdúgbò bóyá bí àwọn ṣe ń pè é nìyẹn.